Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Òkè Yìnyín

Ọmọ mi obìnrin ní kí n pa ojú dé, kí n sì sọ fún òun bí òun bá ti fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ mi. Mo pa ojú dé. Mo ń retí. Nígbà tí ó pẹ́ tí n kò mọ nǹkan kan lára, mo ní, "Ó yá, fọwọ́ kàn án."

"Mọ́mì, mo ti ń fọwọ́ kàn án tipẹ́. Èékánná ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Mo lajú. Lóòótọ́ ni, èékánná rẹ̀ wà lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó sì ti tẹ ibẹ̀ wọnú bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ àbẹ́là. Àwọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ mi mọ́. Gbogbo ìka náà funfun, wọ́n rí bí eérú, wọ́n sì le. Mo gbìyànjú láti mi wọ́n. Wọn ò dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi yìí. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ gidigidi, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yíjú sí awakọ̀ hẹlikópítà tó jókòó níwájú wa, ó bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì wéréwéré. Èyí tí mo dì mú nínú rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Awakọ̀ náà kàn nawọ́ sí gíláàsì iwájú. Ìkùukùu ti bo gbogbo ayé. A kò rí òkè, a kò rí ilẹ̀, a kò tilẹ̀ rí ìrù hẹlikópítà tí a jókòó sínú rẹ̀. Orí yìnyín la wà, lókè réré, ní ilẹ̀ àjèjì, kò sì sí bí a ó ṣe lọ.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí a ti balẹ̀ kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Ìkùukùu ni mo ti ń bẹ̀rù. Ewu ti gba ẹsẹ̀ mi wọlé.

Aránṣọ ni mí ní Johannesburg. Turffontein ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ní ilé tí a háyà, ìsọ̀ mi sì wà ní Newtown, yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú títì. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni aṣọ, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Èèyàn tó máa ń ṣọ́ra ni mí pẹ̀lú. Bí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, bá pọ́n, n kì í dá títì kọjá, kódà bí kò bá sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, màá padà lọ fà á wò. Ìlú tí a ń gbé yìí kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù mi sì ti gbà mí lọ́wọ́ nǹkan púpọ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá pè mí sí ọ̀run rere, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá ojú ọ̀nà ibẹ̀ dára.

Johannesburg la bí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa sí. Níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kó tó lọ síṣẹ́ ní Niu Silandi. Bí a bá bá a sọ Yorùbá lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń dá wa lóhùn, àfi bí inú rẹ̀ bá dùn jù tàbí bí ẹ̀rù bá bà á. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Mo ní bàálù jìnnà. Mo ní ta ni yóò máa wo ìsọ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ra ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́, àwáwí sì tán.

Ohun tó fẹ́ kí n rí ni odò yìnyín. Odò ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n odò tó dì gbagidi ni, tó ń wọ́ bọ̀ láàárín òkè méjì, jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí i pé ó ń lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ la fi rìn lọ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà gba inú igbó tútù kọjá, ó já sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì parí síbi tí wọ́n fi okùn sé. Láti ibẹ̀, ó jìnnà sí wa. Ọmọ mi ní nígbà kan rí, ibi tí a dúró sí gan-an ni yìnyín náà dé, pé ńṣe ló ń sá padà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Mo dúró mo ń wò ó. Ó ṣe mí bí ẹni tó dé ilé àgbà kan nígbà tí àgbà náà ti ń wọ yàrá lọ.

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan," ni ọmọ mi wí. "Lọ́la, a máa gun orí ẹ̀."

"Àwọn wo ni 'a' yẹn?"

"Èmi àti ẹ̀yin. Mo ti sanwó hẹlikópítà."

Mo sọ fún un pé ohun tí kò ní apá tó ń fò, n kò fọkàn tán an. Ó ní bí eṣinṣin ló ṣe ń fò, pé eṣinṣin kì í já bọ́. Mo ní ta ló ń wọ eṣinṣin?

Síbẹ̀ mo wọ̀ ọ́. Kí a tó wọ̀ ọ́, wọ́n gbé wa lé òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ ibi tí oníkálùkù yóò jókòó sí. Nígbà tí ó kàn mí, ọmọ mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó má ṣe rẹ́rìn-ín, iyán bàbá rẹ̀ ni. Awakọ̀ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n pupa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó so bẹ́líìtì mọ́ mi lára, ó fi nǹkan bò mí létí, ó sì gbé wa sókè.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa bí ibẹ̀ ṣe rí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ kò sọ ọ́ di burúkú. Igbó lọ sílẹ̀ lábẹ́ wa, òkúta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà funfun bẹ̀rẹ̀. Ó ká wọnú ara rẹ̀, ó tún tú, bí ìgbà tí èèyàn bá da òdidi ìgàn aṣọ funfun sórí tábìlì tí kò tíì nà án. Níbi tí yìnyín náà ti là, àwọ̀ kan wà nínú ihò rẹ̀ tí mo mọ̀ dájú. Búlù ni, irú èyí tí a máa ń pò sómi láti fi ṣan aṣọ funfun. Láti ọmọdé ni mo ti ń fi búlù ṣan aṣọ àdúrà. Mo wò ó nínú yìnyín yẹn, mo sì ronú pé ẹni tó fọ èyí mọ aṣọ fọ̀. Mo gbàgbé láti bẹ̀rù. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, n kò sì mọ ìgbà tó dì í mú.

A balẹ̀ lókè, níbi tó tẹ́jú. Awakọ̀ ní a lè sọ̀kalẹ̀ ya fọ́tò, kí a má rìn jìnnà. A sọ̀kalẹ̀. A ya fọ́tò. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà náà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tí ìkùukùu kan yọrí láti ẹ̀yìn òkè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ bí èéfín. Awakọ̀ náà rí i pẹ̀lú. Ó pè wá, ó sì wọnú hẹlikópítà, ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ìkùukùu ti bò wá mọ́lẹ̀. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó ní kí a má bẹ̀rù, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, yóò ṣí. Mo béèrè ìgbà tí yóò ṣí. Ó ní òun ò mọ̀.

Ẹ̀rù tí mo ti gbàgbé padà wá pẹ̀lú èlé. Mo sọ fún ọmọ mi pé mò ń bọ̀. Mo yí lọ sẹ́yìn hẹlikópítà náà, mo sì ṣe ohun tí mo máa ń ṣe láti kékeré bí ẹ̀rù bá bà mí. Mo fẹ́ gbàdúrà.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ẹni tó bá wà nínú ìjọ wa mọ̀ pé a kì í wọ bàtà gbàdúrà. Ibi tí a bá ti pe orúkọ Olúwa, ilẹ̀ mímọ́ ni. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán gbàdúrà lórí yanrìn tó gbóná, mo ti fi gbàdúrà nínú ẹrẹ̀, mo sì ti fi gbàdúrà lórí táìlì Johannesburg nígbà òtútù tí ètè ń gbọ̀n. N kò jókòó ronú nípa rẹ̀. Kí n tó mọ̀, bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ti wà lórí yìnyín, mo dúró, mo gbé ọwọ́ sókè.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó jó mi bí iná. Mo fara dà á, mo ń bá àdúrà lọ. Mo gbàdúrà fún ọmọ mi, mo gbàdúrà fún awakọ̀, mo kọ orin kan tán, mo tún gbé òmíràn. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé àdúrà wa kì í ṣe àdúrà ká tó jẹun. Nígbà tó yá, iná náà kú. Ara mi rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí mọ́ rárá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti mú òtútù kúrò lára mi. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi, tó ti rin gbindin, mo wọ bàtà lé e, mo padà lọ bá wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ gun hẹlikópítà, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé, mo wó lu ọmọ mi. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti sùn lọ. Ó ní kí n bọ́ bàtà kí òun wò ó. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn.

"Kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn?" ni ó bi mí, Yorùbá sì ló fi bi mí.

"Mò ń gbàdúrà ni."

"Ẹ bọ́ bàtà?"

"Ṣé mo máa wọ bàtà gbàdúrà ni?"

Ó wò mí títí. "Mo rò pé ẹ lọ tọ̀ ni. Mo ń sọ fún ọkùnrin yìí kó má wẹ̀yìn."

Awakọ̀ náà gbé àpò kan jáde, ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọmọ mi kò fi bùláńkẹ́ẹ̀tì nìkan mọ. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó fi wọ́n lé ikùn rẹ̀ lásán, ó sì fi aṣọ bò wọ́n. Mo rí i bó ṣe gbọ̀n rìrì. Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi padà, ó dì í mú.

"Jẹ́ kí n gbé e kúrò. Òtútù máa mú ẹ."

"Mọ́mì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin náà gbé mi síkùn rí."

A wà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ń bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lẹ́yìn àkókò kan tó gùn lójú mi, ìmọ́lẹ̀ ràn níwájú wa, a rí orí òkè kan, ó tún pòórá, ó tún yọ. Awakọ̀ náà na ara rẹ̀ síwájú, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnì. A gba ojú ihò náà jáde, a sì sọ̀kalẹ̀. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àdúrà yẹn ńkọ́, màá ní a sọ̀kalẹ̀ láàyè. N kò bínú sí àdúrà náà. Bàtà ni ǹ bá wọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ki ẹsẹ̀ mi bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbẹ̀, n kò mọ̀ pé mo lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ariwo yẹn dára, ẹran tó ń dunni kò tíì kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìka ló dùn mí. Àwọn kan wú, wọ́n ní ròro, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà ibẹ̀ sọ pé òtútù ti ṣe ẹran ara náà léṣe, òun ò sì lè sọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ó lè jẹ́ awọ nìkan. Ó lè jẹ́ dé egungun, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé ibi tó kú kúrò. Ó ní ó lè gba oṣù díẹ̀ kí ó tó hàn. Wọ́n fún mi láyè láti máa lọ sílé.

Ọkọ mi ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú ní Johannesburg. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún fìríìjì ṣe. Òun làwọn onísọ̀ ní Alexandra, àdúgbò tí a ń pè ní Alex, máa ń pè bí ohun mímu wọn ò bá tutù. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí jáde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú bándéèjì. Ó dúró níwájú mi, ó ń wo ẹsẹ̀ náà, n kò sì mọ̀ bóyá yóò sunkún.

"Mo ní kí o lọ sinmi," ni ó wí, "o lọ sọ ẹsẹ̀ di ẹran fìríìsà. Gbogbo ayé ló ń pè mí láti wá mú nǹkan tutù, ìyàwó mi lọ bá ibi tó tutù jù láyé."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbá orúnkún mi mọ́ra.

Dókítà tó ń tọ́jú mi níbí, ọmọ Èkìtì ni. Ó kéré sí mi púpọ̀. Ó tú bándéèjì, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. "Màá, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Gbígbẹ ni ọ̀rẹ́ wa. Kó dúdú bó ṣe fẹ́, ẹ má sá fún dúdú. Ṣùgbọ́n tó bá rọ̀, tó ń yọ omi, tó ń rùn, ẹ má dúró dọ̀la."

"Bó bá yọ omi ńkọ́, Dókítà?"

"A ó gé e, kó má baà gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ."

"Ẹ ò lè sọ fún mi báyìí bóyá ẹ máa gé e?"

"Ìka náà fúnra ẹ̀ ló máa sọ ibi tó kú dé, Màá. Bí mo bá yára gé e, mo lè gé èyí tó ṣì wà láàyè." Ó ní kí n má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù rárá.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí ń ṣọ́ ìka ẹsẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó wẹ̀, kí n tó mu tíì, màá wò wọ́n. Wọ́n dúdú bí èédú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àtàǹpàkò ọ̀tún, nítorí òun ni mo fi ń tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tí kò rán aṣọ rí lè rò pé gbogbo ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Rárá o. Àtàǹpàkò ló ń sọ fún ẹ̀rọ bóyá kó rìn tàbí kó sáré, tàbí kó dúró ní ojú ibi tí kọ́là ti ṣẹ́rí. Mo dán ẹsẹ̀ òsì wò. Ojú rírán náà rí bí ipa aláǹgbá.

Aṣọ àwọn oníbàárà ń bẹ nílẹ̀, nítorí náà ọkọ mi gbé ẹ̀rọ náà wálé láti Newtown. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní òun á máa fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà fún mi.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ rọra. Mo ní kí ẹ rọra, Dádì."

"Mo ń rọra."

"Ẹ dúró. Ẹ dúró. Takisí Alex lẹ rò pé ẹ̀ ń wà?"

"Eish. Awakọ̀ takisí ń rí iwájú. Èmi, ìró rẹ nìkan ni mò ń rí níbí."

A rán ẹ̀wù kan tán lọ́nà bẹ́ẹ̀. N kò gbà kí oníbàárà náà gbé e lọ. Mo tú u, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Mo fún èyí tó ń kánjú ní aṣọ rẹ̀ padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tí màá ṣe láyé bí ìka náà bá lọ, n kò sì rí nǹkan kan.

Òtútù Johannesburg wọlé dé, ilé wa sì dà bí inú kànga. N kò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí táìlì ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, n kò sì lè wọ bàtà wọlé. Àwọn ìyá ìjọ wá bẹ̀ mí wò nílé. Olùṣọ́-àgùntàn bá wọn wá. Mo béèrè bóyá mo lè wọ ìbọ̀sẹ̀ nìkan wọlé.

Màmá àgbà kan nínú wọn ní, "Ìbọ̀sẹ̀? Ìbọ̀sẹ̀, ọmọ bàtà ni. Bí ọmọ bá wọlé lónìí, bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la."

Olùṣọ́-àgùntàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bándéèjì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn yìí ńkọ́, Màmá?"

"Ìyẹn, aṣọ ni."

"Ó dáa. Ẹni tó ń rán aṣọ àdúrà fún gbogbo wa ló jókòó yìí. Kó rán aṣọ fún ẹsẹ̀ ara ẹ̀."

Ọwọ́ ni mo fi rán an, n kò lo ẹ̀rọ. Aṣọ sutánà ni mo fi ṣe òde rẹ̀, mo fi irun àgùntàn tẹ́ inú, ó sì dà bí àpò ìrọ̀rí kékeré méjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọlé. Ọkọ mi dì mí mú lápá. Màmá àgbà náà ń wo ẹsẹ̀ mi látìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin títí dé ìgbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́. Nígbà tí a jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé irun àgùntàn yẹn móoru?"

"Ó móoru dáadáa, Mà."

Ó wò yíká. "Ẹsẹ̀ tèmi kéré sí tìrẹ díẹ̀."

Mo rán tirẹ̀. Kí òtútù náà tó parí, mo ti rán fún púpọ̀ nínú àwọn ìyá, Olùṣọ́-àgùntàn sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àárọ̀ kan wà tí mo jí, tí mo na ẹsẹ̀, tí mo rí i pé bándéèjì mi tutù. Mo fọwọ́ kàn án. Omi ni. Ohun tí Dókítà sọ ló dé yìí. Mo jókòó sójú kan, mo ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ yàrá bóyá ó ń rùn. Nígbà tó yá, mo pe ọkọ mi. Ó rí ojú mi. Ó gbé mi, bí mo ṣe tóbi tó yìí, ó gbé mi dé inú ọkọ̀, bàtà rẹ̀ kò tilẹ̀ jọra. N kò lè gbàdúrà lọ́nà. Orúkọ Jésù nìkan ni mò ń pè.

Dókítà tú bándéèjì náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó fi òwú nu ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo òwú náà síbi iná.

"Màá, kí lẹ gbé sórí bẹ́ẹ̀dì lánàá?"

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó ti gbé rọ́bà omi gbígbóná sábẹ́ aṣọ ìbora, níbi ẹsẹ̀ mi, nígbà tí mo ti sùn. Rọ́bà náà ló jò.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ọkọ mi pé ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára, omi gbígbóná lè bó o kí ẹni tó ni ín má mọ̀, pé kí ó má dán irú rẹ̀ wò mọ́. Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Mo rò pé òtútù ni mò ń tún ṣe." Nígbà náà ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dókítà sì wá sọ ohun kan tí mo gbé lọ sílé bí ẹ̀bùn: bó ṣe ń nu àwọn ìka náà, ó rí i pé etí èédú tó wà lára ọmọńdinrín òsì ti ń ṣí, awọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Awọ tó wà láàyè.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ bọ́ èédú rẹ̀ sílẹ̀, bí èèpo ẹ̀pà. Àwọn tó tẹ̀ lé e tẹ̀ lé e. Mo máa ń ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọmọ mi, òun náà á sì kọ èsì padà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí ìka òsì pé, Yorùbá ló fi kọ ọ́, àmì ohùn kankan ò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan ló kù. Kò ṣí, kò yí padà. Ó dúró dúdú, ó le bí eyín. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí a dúró. Ó tún wò ó, ó ní kí a dúró. Nígbà tó yá, ó ní bó bá di ìgbà mìíràn tí òun bá wò ó tí kò bá yí padà, a ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ. Ó rọra sọ ọ́. Mo padà sílé, mo ká aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n má baà máa rí i.

Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo padà síbẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi kó dúró sínú ọkọ̀, nítorí n kò fẹ́ kó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá sọ ọ́. Dókítà gbé iná sún mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó fi nǹkan ẹlẹ́nu tín-ín-rín kan yẹ etí ibi dúdú náà wò. Ó lọ fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ mìíràn, ó padà wá. Mo wo ògiri.

"Màá, ẹ wo ibí."

Mo ní, "Ẹ kàn sọ fún mi."

"Rárá, ẹ wò ó."

Mo wò ó. Gbogbo èédú náà ti ṣí lápapọ̀, odindi, bí fìlà. Ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mi jẹ́ ìka kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní èékánná, tí afẹ́fẹ́ yàrá náà sì ń ta. Ó dùn mí. Mo sọ fún un pé ó ń dùn mí. Ó ní òun mọ̀.

"Ó ti tán, Màá. N kò ní fi ọ̀bẹ kan ẹsẹ̀ yín. Èékánná lè má hù dáadáa, òtútù á sì máa tètè mú un, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti gígé, a ti kúrò níbẹ̀."

Mo béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo tún béèrè. Ó jókòó, ó sì tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, títí n kò fi ní ìbéèrè mọ́.

Ọkọ mi rí mi tí mò ń bọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Mo sọ fún un. Kò gbà á gbọ́, ó ní òun fẹ́ rí i. A ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, mo gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún rẹ̀, ó sì tú òwú tí Dókítà fi bò ó. Àwọn èèyàn ń kọjá. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ̀lú wa, ó ní "shap, Mama," ìyẹn ni pé ó dáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi wo ìka náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó kéré," ni ó wí.

Mo ní, "Á dàgbà."